Shuaibu Amodu: Kóòṣì tó gúnyán lẹ́ẹ̀mejì, tí wọn ò jẹ́ kó jẹ ẹ́

Bí ẹ bá ya ilé ìwòran bọ́ọ̀lù èyíkéyìí ní Mowe níbí lọ́sàn-án Sátidé, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ ọ: wọ́n á ní kí wọ́n lé kóòṣì dànù. Ìdíje mẹ́ta péré ló mà pàdánù o! Àwọn tó ń pariwo ọ̀hún gan-an, ẹ̀rù ìwé gbélé-ẹ ń bà wọ́n níbi iṣẹ́ tiwọn l'Ékòó. Èmi ní tèmi, Shuaibu Amodu ni mo máa ń rántí.

Ọmọ Okpella, ní ìpínlẹ̀ Edo, ni. Ọdún 1958 ni wọ́n bí i. BCC Lions ti ìlú Gboko ló ti kọ́kọ́ ṣe bẹbẹ: lọ́dún 1990 wọ́n na Club Africain ti Tùnísíà, wọ́n sì gba Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà. Lẹ́yìn ìyẹn ló dé ìdí Super Eagles. Wọ́n gbà á, wọ́n ní kó máa lọ, wọ́n tún pè é. Ó tiẹ̀ lọ kọ́ Orlando Pirates ní South Africa láàárín kan.

Ọdún 2001 lọ̀rọ̀ wá dùn. Ìrìnàjò wa sí Ife Àgbáyé ti fẹ́ dojú rú, wọ́n ti yọ Jo Bonfrere, ni wọ́n bá sáré pe Amodu. Stephen Keshi àti Joe Erico ló bá a ṣiṣẹ́. Ní July 29, ní Port Harcourt, wọ́n fi góòlù 3-0 lu Ghana, a sì pegedé. Póìǹtì kan péré la fi ju Liberia lọ o. Ẹ wo bó ṣe ku díẹ̀ tó!

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Mali, Senegal na wa 2-1 ní àfikún àkókò, a sì ṣe ipò kẹta. Ipò kẹta ni mo wí, kì í ṣe ipò kẹtàlá. Síbẹ̀, wọ́n lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Baba Adegboye Onigbinde ni wọ́n gbé ikọ̀ lé lọ́wọ́ lọ sí Japan. Argentina nà wá, Sweden nà wá, a ta ọ̀mì pẹ̀lú England. Póìǹtì kan la mú bọ̀.

Ẹ máa rò pé ó tán. Rárá. Lọ́dún 2008, lẹ́yìn tí Berti Vogts kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n tún wá Amodu lọ. Ní November 14, 2009, a na Kenya 3-2 ní Nairobi, Mozambique sì bá wa na Tunisia. A tún pegedé. Angola ló kàn, ní January 2010: Ghana na wa 1-0, a ṣe ipò kẹta. Wọ́n tún lé e! Lars Lagerbäck, òyìnbó Sweden, ló kó ikọ̀ lọ sí South Africa. Póìǹtì mélòó ló mú bọ̀? Ẹyọ kan náà.

Àwọn kan máa ń ní ọ̀nà tí ikọ̀ Amodu fi ń gbá bọ́ọ̀lù ò dùn ún wò. Mo gbà, kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n Ferguson lo ohun tó ju ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ ní Manchester United. Ọ̀pọ̀ ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kò fi gba líìgì. Ta ló máa fún kóòṣì ní irú sùúrù yẹn lọ́dọ̀ wa?

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan náà. Keshi yìí kan náà ló mú Togo lọ sí Ife Àgbáyé 2006, ìgbà àkọ́kọ́ wọn. Wọ́n lé e kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, Otto Pfister ló gba ipò rẹ̀. Lọ́dún 2014, nígbà tí wọ́n yọ Keshi ní Super Eagles, Amodu ni wọ́n ní kó dì í mú, kò sì pẹ́ tí wọ́n tún dá Keshi padà.

June 2016 ni Keshi kú ní Benin City. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, Amodu náà kú ní ìlú kan náà, lẹ́ni ọdún 58.