Olóògbé M. K. O. Abíọ́lá àti Ọkọ̀ Òfurufú Concord

Olóògbé Moshood Káṣìmawò Ọláwálé Abíọ́lá kì í ṣe ọmọ Ọ̀tà. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, láti Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ìtàn rẹ̀ fún àwa tí à ń ṣòwò ní Sàngó-Ọ̀tà, nítorí náà ni a ṣe mú un wá síwájú ẹ̀yin ará wa.

A bí i ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ, ọdún 1937. Òun ni ọmọ kẹtàlélógún tí bàbá rẹ̀ bí, òun sì ni àkọ́kọ́ tí ó yè. Ìdí nìyí tí a fi sọ ọ́ ní Káṣìmawò, pé kí a ṣì máa wò ó ná. Láti kékeré ni ó ti ń ta igi ìdáná kí ó lè ran òbí rẹ̀ lọ́wọ́. Òun àti Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ẹni tí ó wá dá oko ńlá sí Ọ̀tà, jọ lọ sí Baptist Boys' High School. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ní Glasgow, ó sì di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ITT ní Nàìjíríà.

Nígbà tí ọlà dé, ó dá ìwé ìròyìn Concord sílẹ̀ ní 1980. Ó ní oko, ilé búrẹ́dì àti ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí àyè sì ṣí sílẹ̀ fún aládàáni láti fi ọkọ̀ òfurufú kó èrò, òun náà dá Concord Airlines sílẹ̀. Òwò tí ó le ni. Láti 1986 ni náírà ti ń já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni dọ́là ni a fi ń ra ọkọ̀ àti ẹ̀yà ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, 1993, ará ìlú dìbò fún un láti ṣe Ààrẹ, ṣùgbọ́n ìjọba ológun fagi lé ìdìbò náà. Wọ́n mú un ní 1994, wọ́n ti ìwé ìròyìn rẹ̀ pa, ó sì kú sí àtìmọ́lé ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, 1998. Àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wó lọ́kọ̀ọ̀kan. Concord Airlines náà pòórá.

Ní 2018 ìjọba fi oyè GCFR dá olóògbé lọ́lá. Ó tọ́ sí i, ṣùgbọ́n oyè kò lè jí ilé-iṣẹ́ tí ó ti kú dìde.

Ẹ̀yin oníṣòwò ìlú wa, igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹ jẹ́ kí a ní alábàáṣe, kí a kọ́ ọmọ wa níṣẹ́, kí a sì ṣètò òwò wa nígbà tí ara wa le, kí ó má baà bá wa wọlẹ̀.