Agatha Christie, Ìyá Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Ìlú Torquay ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí Agatha Christie ní ọdún 1890. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó bá wọn po oògùn ní ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni ó ti mọ bí oògùn tí ń woni sàn ṣe ń di májèlé. Ìmọ̀ yìí ni ó fi kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó jáde ní ọdún 1920.

Ní ọdún 1926, ìyá rẹ̀ kú, ọkọ rẹ̀ sì ní obìnrin mìíràn ni òun fẹ́. Agatha pòórá fún ọjọ́ 11. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Miss Marple kọ́kọ́ jáde nínú ìtàn kúkúrú kan. Arúgbó tí kò lọ́kọ ni, tí ń jókòó jẹ́ẹ́, tí ń fi òwú àti abẹ́rẹ́ gígùn hun aṣọ òtútù. Ta ni yóò fura sí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Wọn a máa tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níṣojú rẹ̀, òun a sì máa fi ìwà wọn wé ti àwọn ará abúlé rẹ̀, títí àṣírí apànìyàn yóò fi tú. Ohun tí ó mú ìtàn wọ̀nyí dùn ni pé ohun tí arúgbó náà rí kò pamọ́ fún òǹkàwé. Àwa ni a kò kà á sí.

Christie kú ní oṣù Kìíní ọdún 1976. Ọdún náà ni ìwé ìtàn gígùn Miss Marple tó kẹ́yìn jáde, èyí tí ó ti kọ pamọ́ láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì.