Montessori: Dókítà tó sọ ọmọ tí wọ́n ń pè ní dìndìnrìn di akẹ́kọ̀ọ́

Orúkọ kan wà lára pátákó ọ̀pọ̀ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi nílẹ̀ Yorùbá. Montessori ni orúkọ náà. Àwọn òbí kan rò pé ohun tó túmọ̀ sí ni ilé-ìwé ọmọ olówó. Orúkọ obìnrin ni. Àwọn ọmọ tí obìnrin náà kọ́kọ́ gbájú mọ́, àwọn táráyé ń pè ní dìndìnrìn ni, tí wọ́n kó pa mọ́ sílé wèrè.

Ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1870 ni wọ́n bí Maria Montessori nílùú Chiaravalle, lórílẹ̀-èdè Ítálì. Òun nìkan ni àwọn òbí rẹ̀ bí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Alessandro, bàbá rẹ̀. Renilde, ìyá rẹ̀, fẹ́ràn ìwé púpọ̀. Lọ́dún 1875, wọ́n kó lọ sí Róòmù. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló kọ́kọ́ wu ọmọbìnrin náà, kó tó yí ọkàn padà sí iṣẹ́ dókítà. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ dúró tì í. Ní yunifásítì, wọn kò jẹ́ kó bá àwọn ọkùnrin dúró níbi tí wọ́n ti ń la òkú kẹ́kọ̀ọ́. Ìgbà tí gbogbo wọn bá ti lọ lòun nìkan máa ń wọlé lọ ṣe tirẹ̀. Lọ́dún 1896, ó gboyè dókítà, ó sì wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ítálì.

Iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé e dé ilé wèrè tó wà ní Róòmù. Ó bá àwọn ọmọdé níbẹ̀, tí ọpọlọ wọn ò ṣiṣẹ́ bíi tàwọn ẹgbẹ́ wọn. Yàrá lásán ni wọ́n wà, kò sí ohun ìṣeré kankan. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé obìnrin tó ń tọ́jú wọn bínú pé, bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á tún máa ṣa èérún búrẹ́dì nílẹ̀. Montessori wò wọ́n dáadáa, ó sì rí i pé ebi kọ́ ló ń pa wọ́n. Ohun tí ọwọ́ wọn lè dì mú ni wọ́n ń wá.

Ó ka ìwé àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé méjì tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú rẹ̀, Itard àti Séguin. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn ohun èlò tirẹ̀. Ó fi aṣọ mọ́ férémù igi, ó fi bọ́tìnnì àti okùn sí i, kí ọmọ máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọṣọ. Ó gbẹ́ igi róbótó róbótó tó ní ihò tirẹ̀. Bí ọmọ bá ki igi sínú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀, kò ní bá a mu. Ọmọ fúnra rẹ̀ á rí àṣìṣe náà láìsí pé tíṣà jágbe mọ́ ọn. Ó gé lẹ́tà jáde, ọmọ á máa fi ìka tọ ipa rẹ̀, á sì máa pe ohùn rẹ̀. Gbígbálẹ̀, fífọ abọ́ àti bíbu omi náà di ẹ̀kọ́.

Lọ́dún 1900, wọ́n dá ilé-ìwé kan sílẹ̀ ní Róòmù fún àwọn tíṣà tí yóò máa kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Òun àti dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Giuseppe Montesano, ni wọ́n fi ṣe olórí. Nígbà tó yá, díẹ̀ lára àwọn ọmọ náà bá àwọn ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe jókòó sí ìdánwò, wọ́n sì yege. Iṣẹ́ ìyanu làwọn èèyàn pè é. Montessori ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ohun tó ń fa àwọn ọmọ yòókù sẹ́yìn níléèwé tiwọn.

Àmọ́ o, ẹni tó ń mú ọmọ ọlọ́mọ jáde síta ní tirẹ̀ tó fi pamọ́. Ó bí ọmọkùnrin kan, Mario, fún Montesano lọ́dún 1898, wọn kò sì ṣègbéyàwó. Ìtìjú ńlá ni láyé ìgbà náà, ó sì lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Wọ́n gbé ọmọ náà fún alágbàtọ́ lábúlé. Ìgbà tí ìyá Montessori kú lọ́dún 1912 ló tó gba ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀, síbẹ̀ ó pẹ́ kó tó pè é ní ọmọ òun ní gbangba. Mario yìí náà ló wá di igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀.

Ọjọ́ 6, oṣù kìíní, ọdún 1907 ló ṣí ilé àwọn ọmọdé ní San Lorenzo, àdúgbò tálákà ní Róòmù. Ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti kàn káyé. Ó lọ sí Íńdíà lọ́dún 1939, ogun àgbáyé kejì sì dá a dúró síbẹ̀ títí di 1946. Ó kú nílẹ̀ Netherlands lọ́jọ́ 6, oṣù karùn-ún, ọdún 1952, lẹ́ni ọdún 81. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ìrìnàjò sí Áfíríkà láti kọ́ àwọn tíṣà wà lára ohun tó ń rò nígbà tí ọlọ́jọ́ dé.

Bí ọwọ́ kò ṣe gbọdọ̀ dilẹ̀ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ náà ló rí láyé kọ̀ǹpútà. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ lè tẹ àwòrán omi lójú ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ bá a béèrè omi. Àwọn tíṣà tó mọ irú iṣẹ́ yìí wà nítòsí wa. Ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́jì tó ń kọ́ tíṣà àwọn ọmọ àkàndá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà lè bẹ̀rẹ̀ nílé láìsí ẹ̀rọ. Ní Eko-Ende, Ìnísà, Òkukù tàbí Ìkìrun, ìyá lè fún ọmọ ní àgbàdo àti ẹ̀wà tó dàpọ̀ kó ṣà á lọ́tọ̀, tàbí kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ṣéńjì, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Ọmọ ìka ò dọ́gba, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a gé sọnù nínú wọn. Ọmọ tí wọ́n tì mọ́ yàrá kò lè kọ́ ohun tí ẹnì kankan ò fi hàn án.