Àjàyí Crowther Láàrin Àwọn Ará Àdúgbò Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Òwe tí àwọn baba wa máa ń pa pé igi kan kì í dá igbó ṣe kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ní Owódé Ẹ̀gbá tí a ti tọ́ mi dàgbà, a kì í fi ẹnu lásán pa á. Bí àgbẹ̀ kan bá fẹ́ kọ́lé, tàbí tí iṣẹ́ oko bá fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, ọ̀wẹ̀ ni yóò bẹ̀. Onígbàgbọ́ yóò gbé ọkọ́ wá, mùsùlùmí yóò gbé tirẹ̀ wá, ẹni tí ń bọ Ògún náà kò sì ní jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ó ti tó ìgbà mélòó kan tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníwàásù kan pé ẹni tí ó bá gba Jésù gbọ́ ní tòótọ́ gbọ́dọ̀ yàgò fún irú àjọṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà tí mo ka ìtàn ìgbésí ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni mo tó rí i pé ọkùnrin tí ó ṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ti dáhùn ìbéèrè náà ní ohun tí ó lé ní àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Ní tèmi, ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ó ti kọ́ ìdáhùn náà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ níhìn-ín, pàápàá jù lọ ìtàn àwọn ọdún tí ó lò ní Abẹ́òkúta.

Ní nǹkan bí 1809 ni a bí Àjàyí ní Òṣoògùn, ìlú kan ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Ní 1821, ogun dé bá ìlú náà, a sì kó Àjàyí àti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n yà wọ́n nípá. Àjàyí ń ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn títí ó fi dé Èkó, níbi tí ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin 1822, wọ́n kó òun àti àwọn ẹrú mìíràn sínú ọkọ̀ ojú omi. Orí ṣe é, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ó sì kó wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti mọ ìwé. A ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827, ó sì fẹ́ Àsánọ́, tí a ṣe ìrìbọmi fún ní Susan, ẹni tí a gbà kúrò lóko ẹrú bíi tirẹ̀. Ní 1843 ni a fi í joyè àlùfáà ní ìlú London.

Lásìkò náà, àwọn Ẹ̀gbá tí a gbà sílẹ̀ ní Sàró ti ń padà wálé. Ṣódẹkẹ́, tí ó jẹ́ olórí Abẹ́òkúta, gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì gba òyìnbó àjíyìnrere Henry Townsend náà ní àlejò ní 1843. Crowther àti Townsend gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ ti kú, ogun sì ti dí ọ̀nà. Wọ́n lo nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ 1846. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé Crowther kì í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Àlejò ni ó jẹ́ láàrin àwọn ènìyàn tí ogun ti lé kúrò nílé wọn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kóra jọ lábẹ́ Olúmọ.

Kò tíì pé oṣù kan níbẹ̀ tí ohun ìyanu kan fi ṣẹlẹ̀. Àfàlà, ìyá rẹ̀, gbọ́ pé ọmọ òun tí ó ti sọnù wà ní Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ 1846 ni ìyá àti ọmọ tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Ńṣe ni wọ́n ń wo ara wọn tí omijé ń dà lójú wọn. Ta ni kò ní mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ àwọn ará àdúgbò lára? Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí agbo ilé kan ní Abẹ́òkúta nígbà náà tí ogun kò mú ẹnìkan lọ nínú rẹ̀. Àlùfáà tí ó dé láàrin wọn kì í ṣe ẹni tí kò mọ ohun tí ojú wọn ti rí. Ní oṣù kejì 1848, Àfàlà wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún ní ìlú náà, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ títí ó fi dàgbà dàgbà, tí ó sì kú ní 1883.

Ìgbẹ̀ìn ni Crowther fi ṣe ibùdó iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tí Townsend wà ní Aké. Kò sé ara rẹ̀ mọ́lé. Ó ń tọ àwọn àgbà lọ, ó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, ó sì ń ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé èdè àwọn ọmọ Sàró nìkan kò tó láti fi túmọ̀ Bíbélì; èdè tí ó jinlẹ̀ wà lẹ́nu àwọn arúgbó tí kò mọ ìwé, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì jẹ́ onígbàgbọ́. Ìwé tí a kọ sí àwọn ará Róòmù jáde ní Yorùbá ní 1850, ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ tí ó fẹ̀ sí i, tí òwe pọ̀ nínú rẹ̀, sì jáde ní 1852. Àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ní Yunifásítì lónìí ń jẹ nínú oúnjẹ tí ó wá láti ẹnu àwọn ará àdúgbò wọ̀nyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ojoojúmọ́ ni ó dùn. Ní 1849, inú bí àwọn ará ìlú kan sí àwọn onígbàgbọ́ tuntun, nítorí pé wọ́n ti yẹra fún òrìṣà ìdílé wọn. Wọ́n mú àwọn kan, wọ́n nà wọ́n, wọ́n sì kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ ní ilé Ògbóni. Crowther kò sọ pé kí ìjọ òun gbé ohun ìjà. Ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ láti bẹ̀bẹ̀. Ògúnbọ̀nà, Balógun Ìkìjà, tí kò gba ìrìbọmi, jẹ́ ọ̀rẹ́ tòótọ́ fún wọn. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀: ìjọ tí kò bá ní ọ̀rẹ́ lóde ìjọ kò ní rí ẹni bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìpọ́njú.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì dé ẹ̀bá odi Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta 1851, tọkùnrin tobìnrin wọn, àwọn onígbàgbọ́ kò sá. Wọ́n dúró ti àwọn ará ìlú wọn níbi odi, wọ́n sì jọ lé ọ̀tá padà. Láti ọjọ́ náà ni ìkórìíra tí a ní sí wọn ti rọlẹ̀ púpọ̀. Ìlú ti rí i pé ẹni tí kò bá wọn bọ òrìṣà lè bá wọn kú sí ojú kan náà.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ òòjọ́ náà jẹ Crowther lógún. Ó gbà pé a kò lè fi ìwàásù nìkan pa òwò ẹrú. Àfi kí a fún àwọn ènìyàn ní òwò mìíràn tí yóò mówó wọlé. Ìdí nìyí tí ó fi ń gba àwọn ará ìlú níyànjú láti gbin òwú. Thomas Clegg, olówò kan ní Manchester, ń rà á, a sì kó ẹ̀rọ tí ń yọ kóró òwú wá sí Abẹ́òkúta. Samuel ọmọ rẹ̀ àti Henry Robbin, ọmọ Sàró kan, wà lára àwọn tí ó bójú tó iṣẹ́ náà. Kò sí ẹni tí ó ní kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ gba ìrìbọmi kí a tó ra òwú lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò ní fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Crowther fara mọ́ òfin C.M.S. pé a kò gbọ́dọ̀ ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin olóbìnrin púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a lè ṣe é fún àwọn ìyàwó rẹ̀. Òfin yìí dá ìdààmú sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé, ó sì sé ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ọkùnrin kan tí ọkàn wọn fẹ́ wọlé. Ní ti èyí, ìfẹ́ tí ó ní sí àwọn aládùúgbò kò mú un gbọ̀jẹ̀gẹ́.

Ohun tí ó ba ni nínú jẹ́ jù ni pé àtinú ilé ni ìṣòro rẹ̀ ti wá. Townsend, tí wọ́n jọ wọ Abẹ́òkúta, kọ̀wé ta ko fífi aláwọ̀ dúdú ṣe olórí àwọn àjíyìnrere òyìnbó. Nígbà tí a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà 1864, a yọ Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Èkó kúrò lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà! Ìlú tí ó ti rí ìyá rẹ̀, tí ó ti ń kọ́ òwe lẹ́nu àwọn àgbà, kò sí lára ibi tí ó ń ṣe bíṣọ́ọ̀bù lé lórí. Ìhà odò Ọya ni a rán an lọ.

Síbẹ̀ èso iṣẹ́ náà kò rà. Nígbà tí inú bí àwọn Ẹ̀gbá sí òyìnbó ní oṣù kẹwàá 1867, tí Ìfọ́lé sì ṣẹlẹ̀, wọ́n kó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó lọ. Ìgbàgbọ́ kò tìtorí bẹ́ẹ̀ kú. Àwọn onígbàgbọ́ tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ni ó gbé e ró, nítorí pé ibi tí àwọn ará ilé wọn wà ni àwọn náà wà. Ní Ìgbẹ̀ìn yìí kan náà ni a ti bí J. J. Ransome-Kuti ní 1855, àlùfáà olórin tí ó gba ọ̀pọ̀ orin ìyìn ní èdè Yorùbá sínú àwo ní London ní 1922.

Ní 1869 ni Crowther sọ ìdáhùn tí mo ń wá. Nígbà tí ó ń bá àwọn àlùfáà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Lọ́kọ́ja, ó ṣàlàyé pé ẹ̀sìn Kristi wá láti lé ẹ̀sìn èké lọ, kò wá láti pa ohun tí ó so orílẹ̀-èdè pọ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe tẹ́ńbẹ́lú ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń ran ara wọn lọ́wọ́, tàbí àlọ́, òwe àti orin wọn. Ibi tí kò bá sí ìwà ìbàjẹ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ǹjẹ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àró, ọ̀wẹ̀ àti èésú tí a ń ṣe ní Owódé?

Ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ kò rọrùn. Bíbélì Yorùbá parí ní 1884, ṣùgbọ́n ní 1890 àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan dé sí ìhà odò Ọya, wọ́n kẹ́gàn iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ ìparí ọdún 1891 ni ó dákẹ́ ní Èkó.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, a máa ń yin Crowther nítorí oyè àti ìwé. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá padà sí Owódé, tí mo rí ọkọ́ onígbàgbọ́ àti ti mùsùlùmí nínú ebè kan náà, mo mọ̀ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ fún ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ pé kí ó kẹ̀yìn sí ará ilé rẹ̀ kí ó tó lè sin Ọlọ́run, kí ó kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́wọ́ ọmọ Àfàlà.