Alan Turing, Ẹni Tí Ó Tú Àdììtú

Nígbà tí àwọn baba wa bá fẹ́ rán ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, àrokò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ọmọdé lè gbé owó ẹyọ mẹ́fà láti Mọ́níyà dé Lálúpọn láìmọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó rán an ń fà sí ẹni tí yóò gbà á. Irú àrokò mìíràn, èyí tí ẹ̀rọ ń dì, ni ọkùnrin tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ yìí tú.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a ti bí Alan Mathison Turing ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, ọdún 1912. Iṣẹ́ ọba ni baba rẹ̀ ń ṣe ní Íńdíà, nítorí náà ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé fún ìgbà pípẹ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ Sherborne, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ni ó gbà á lọ́kàn. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ kò dára rárá, àwọn olùkọ́ sì ń ráhùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbẹ̀, Christopher Morcom, kú ní ọdún 1930. Ọgbẹ́ náà jinlẹ̀ lọ́kàn Turing, ó sì ń kọ lẹ́tà sí ìyá olóògbé náà fún ọdún púpọ̀.

Ní ọdún 1936, ó kọ ìwé kan nípa ẹ̀rọ tí kò tíì sí láyé, èyí tí ó lè ṣe ìṣirò yòówù tí a bá kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Gbòǹgbò kọ̀ǹpútà wà nínú ìwé náà.

Nígbà tí ogun bẹ́ ní 1939, ó lọ sí Bletchley Park. Enigma ni orúkọ ẹ̀rọ tí àwọn ará Jámánì fi ń di ọ̀rọ̀ wọn. Bí a bá tẹ lẹ́tà A, òmíràn ni yóò jáde. Bí a bá tún un tẹ̀, ó lè mú ìkẹta wá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń pààrọ̀ ètò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Pólándì ló kọ́kọ́ rí ojú ọ̀nà, wọ́n sì fi han àwọn Gẹ̀ẹ́sì kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí a gbàgbé wọn. Turing rí i pé lẹ́tà kan kò lè dúró fún ara rẹ̀ láé nínú Enigma, àti pé àwọn tí ń lò ó máa ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, bí ìròyìn ojú ọjọ́. Ó ṣètò ẹ̀rọ ńlá tí ń yára ju ètò tí kò bá ṣeé ṣe nù. Ẹ̀yin òbí tí ẹ fi ọdún ìbí yín ṣe nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ owó orí fóònù, irú àṣà bẹ́ẹ̀ ni ó ń wá kiri.

Ọ̀rọ̀ náà kan ilẹ̀ wa. Èkùrọ́ àti epo àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà wà lára ẹrù tí ọkọ̀ ń kó lọ sí Bìrìtìkó, ìtòsí Freetown sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń kó ara jọ kí wọ́n tó gbéra. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń dọdẹ wọn. Nígbà tí a bá ka ọ̀rọ̀ wọn, a ó darí ọkọ̀ gba ibòmíràn. Ní oṣù Kejì ọdún 1942, Jámánì fi àgbá kan kún Enigma ti àwọn ọkọ̀ náà; ojú ṣókùnkùn fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá omi lọ.

Ní 1952, ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi nítorí ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin, èyí tí òfin ilẹ̀ náà kà sí ọ̀ràn nígbà náà. Ó gba oògùn dípò ẹ̀wọ̀n, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ àṣírí ìjọba. Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà, 1954, ní ẹni ọdún 41. Ìwádìí ìjọba sọ pé ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ni. Ọba obìnrin kéde ìdáríjì fún un ní 2013.

Ìyá rẹ̀ kọ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 1959. Òfin àṣírí kò jẹ́ kí ó lè sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe ní Bletchley.