Ẹfúnṣetán Kò Mu Májèlé

Bí wọ́n bá ní kí n dárúkọ fíìmù kan tó dá lórí ẹni tó gbé ilé ayé rí lóòótọ́, Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni màá dárúkọ. Ìgbògbò ni mo ti kọ́kọ́ wò ó, nílé màmá àgbà wa, nígbà tí mo wà ní JSS 2. Iná lọ láàárín kan, ẹ̀gbọ́n mi sì sáré tan jẹnẹrétọ̀, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ sùn láìmọ bó ṣe máa parí. Nígbà tí obìnrin náà gbé májèlé mu, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Màmá àgbà nìkan ni kò pa tiwọn. Ẹja yíyan ni wọ́n ń tà ní Ìkòròdú, wọ́n sì mọ ohun tí àwìn ń fojú olówò rí. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwọn ìjòyè tó dìde sí i yẹn kò jẹ ẹ́ lówó.

Ó di ọdún kejì mi níbí kí n tó rí ìdáhùn, nígbà tí mo ka ohun tí Samuel Johnson àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ kọ nípa rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá Òkè-Ọnà ni bàbá Ẹfúnṣetán. Ìbàdàn ló ti là. Ó ń ṣòwò ìbọn, ẹ̀tù àti ẹrú, ó sì ní oko ńláńlá. Johnson kọ ọ́ pé ẹrú tó wà lóko rẹ̀ nìkan tó 2,000, yàtọ̀ sí ti ilé, àti pé ó ní ọmọ ogun tirẹ̀. Òun ni wọ́n fi jẹ Ìyálóde.

Ní ọdún 1860, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí kú lórí ìkúnlẹ̀. Láti ìgbà náà, gẹ́gẹ́ bí Johnson ṣe sọ, kò fẹ́ rí oyún lára ẹrú rẹ̀ mọ́, ìyà tó sì fi ń jẹ wọ́n burú jáì. Mi ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka eré náà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ ò ní tíì gbàgbé Adétutù.

Àmọ́ kì í ṣe torí ẹrú ni wọ́n fi gbógun tì í. Àwọn jagunjagun Ìbàdàn máa ń gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn, pé àwọn á san án tí àwọn bá ti ojú ogun dé. Gbèsè ń ga, owó ò wọlé, ló bá dáwọ́ dúró. Ní 1874, Ààrẹ Látòósà fi ẹ̀sùn mẹ́ta kàn án: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò sì jáde wá pàdé òun nígbà tí òun dé. Ẹ tún un kà. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú kankan níbẹ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ni wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Ó san ìtanràn, ó bẹ̀bẹ̀, wọn ò gbà. Lóru ọjọ́ kan ní òpin oṣù kẹfà, méjì nínú àwọn ẹrú rẹ̀ gba òkè àjà wọ yàrá rẹ̀, wọ́n sì pa á. Látòósà ló wà nídìí rẹ̀, ọmọ tí Ìyálóde gbà tọ́ sì bá a lọ́wọ́ sí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ariwo, àwọn ẹrú méjèèjì ni wọ́n pa. Látòósà ń ṣe Ààrẹ rẹ̀ lọ.

Mi ò bá Akínwùmí Ìṣọ̀lá jà. Eré onítàn ló kọ, ó jáde ní 1970, Bánkọ́lé Bello sì sọ ọ́ di fíìmù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Eré náà dùn dé góńgó. Àwa la sọ ọ́ di ẹ̀rí. Ère Ẹfúnṣetán wà ní Challenge n'Ìbàdàn, mo sì ti gbọ́ tí èrò inú ọkọ̀ ń sọ bó ṣe mu májèlé.

Ní ìsinmi tó kọjá, a tún wò ó ní Ìgbògbò. Bó ṣe gbé májèlé sẹ́nu, mo ní irọ́ ni. Àwọn àbúrò mi ní kí n dákẹ́, kí àwọn lè gbọ́ fíìmù. Màmá àgbà ní kí n wá jókòó ti àwọn, kí n sọ iye tí Látòósà jẹ ẹ́.