Àjàyí Crowther: Olùkọ́ Kí Ó Tó Di Bíṣọ́ọ̀bù

Ipò bíṣọ́ọ̀bù tí Samuel Àjàyí Crowther gbà ní 1864 ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rántí. Iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ni a fẹ́ sọ níhìn-ín.

Ní 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, a sì mú un dé Sàró. Ní abúlé Bathurst ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Láàárín oṣù 6 ó ti lè ka Májẹ̀mú Titun. Kò sí ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ nígbà náà bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí: ọmọ tí ó bá mọ̀wé ni àwọn míṣọ́nárì fi ń kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay, níbi tí a ti ń tọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà fún iṣẹ́ olùkọ́ àti ìhìnrere. Lẹ́yìn èyí ó di olùkọ́ ìjọba ní Regent. Asano aya rẹ̀, ẹni tí a dá nídè bákan náà, jẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú. Kò tọ́ kí a gbàgbé rẹ̀. Ní 1834 Àjàyí padà sí Fourah Bay, ó wá ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ lọ́la.

Ní 1843, ọdún tí ó gba oyè àlùfáà, ni ìwé àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ jáde.